Ọmọ Tí Ó Lóbìí Kì í Ṣe Òrukàn

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ kan ní Ṣágámù ń dáwó jọ láti lọ kí ilé ọmọ òrukàn kan ní Gánà. Ta ni ó wádìí pé òrukàn ni wọ́n? Ní ọdún 2009, ìwádìí ẹ̀ka ìjọba Gánà tí ń rí sí ire ará ìlú fi hàn pé, nínú nǹkan bí 4,500 ọmọ tí ó wà ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí iye tí kì í ṣe òrukàn tó 90 nínú 100. Ilé 140 nínú 148 ni kò ní ìwé àṣẹ. Òṣì ni ó kó ọmọ débẹ̀. Owó àlejò ni kò jẹ́ kí wọ́n padà sílé. Owó ọkọ̀ àti aṣọ ẹgbẹ́jọdá yẹn, ìyá wo ni a fún nínú rẹ̀?

Àwa gan-an ni mo ń bá wí jù. Àwọn kan nínú wa fẹ́ kọ́ tiwa sí Ìkẹ́nnẹ́, kí ayé lè rí i pé ìṣẹ̀ṣe náà láàánú. N kò ní í dá sí i. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn opó agbo ilé wa, kí á bi wọ́n ní ohun tí ó kù tí ọmọ wọn kò fi ní í kúrò lọ́dọ̀ wọn.