Áńpù Béèsì Tí Ẹnì Kan Lè Dá Gbé Ni Kí Ẹ Jẹ́ Ká Rà

 Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà tàbí àyẹ̀wò ewì. Owó tí a ń dá jọ fún ẹgbẹ́ olórin wa ti ń tó nǹkan, áńpù gìtá béèsì la sì fẹ́ fi rà. Ṣùgbọ́n a ò tíì fẹnu kò lórí èyí tí a máa rà. Àwọn kan ní àfi áńpù ńlá tó ní sípíkà oníńṣì 15, èyí tí ènìyàn méjì máa jọ gbé, kí ilẹ̀ lè máa mì. Àwa tí a kọ èyí ò gbà bẹ́ẹ̀. Èrò tiwa ni pé áńpù tí ẹnì kan lè dá gbé wọ kẹ̀kẹ́ Maruwa, tí gìtá rẹ̀ á sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ló bá iṣẹ́ tí à ń ṣe mu.

Kí ni iṣẹ́ náà? Ìsọmọlórúkọ láàárọ̀, ọjọ́ ìbí nínú pálọ̀, àpèjẹ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa, ìgbéyàwó kékeré lábẹ́ kánópì méjì. Àwọn tó ń gbọ́ wa kì í sábà ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ní irú ibẹ̀, gángan ni olórí. Òun ló ń ki bàbá ọmọ, òun ló ń pe ìyá ìyàwó síta, òun náà ló ń mú kí wọ́n tọwọ́ bàpò. Bí béèsì bá bo gángan mọ́lẹ̀, ariwo lásán là ń pa. Àwa tó jẹ́ pé èdè Yorùbá là ń kọ́, kò yẹ kó jẹ́ àwa la máa fi iná mànàmáná pa ìlù tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mọ́.

Kì í ṣe pé a kórìíra ohùn ìsàlẹ̀ o. Agídìgbo ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn nínú àpàlà. Ẹ gbọ́ àwo Hárúnà Ìṣọ̀lá, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń rìn lábẹ́ orin. Àpótí pákó ni, pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ tí à ń fi ìka ta. Ẹnì kan ló ń gbé e, ẹni yẹn náà ló ń ta á, kò sì bo ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Wọn ò ní alágbára ní í jó o. Iṣẹ́ béèsì ni kó gbé ijó ró, kí ẹsẹ̀ lè mọ ibi tó máa tẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọ̀rọ̀ wáàtì, torí ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti máa ń le jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé áńpù 400 wáàtì á pariwo ní ìlọ́po méjì ti 200. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wáàtì bá di ìlọ́po méjì, decibel 3 péré ló ń fi kún ohùn. Etí á mọ̀ pé nǹkan yí padà, ṣùgbọ́n kò ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Kí etí tó gbà pé ariwo ti di ìlọ́po méjì, wáàtì ní láti di nǹkan bí ìlọ́po 10. Sípíkà náà sì ní ipa tirẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é máa ń kọ iye decibel tó ń mú jáde bí a bá fún un ní wáàtì kan, tí a sì dúró ní mítà kan sí i. Èyí tó ń mú 97 jáde, tí a fún ní 200 wáàtì, ọgba ni pẹ̀lú èyí tó ń mú 94 jáde, tí a fún ní 400. Ẹni tó bá ń ka wáàtì nìkan, ìdajì ọ̀rọ̀ ló ń kà.

A ò sì ní kí a lọ ra ohun ìṣeré ọmọdé. Okùn tó nípọn jù lórí béèsì olókùn mẹ́rin ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lórí olókùn márùn-ún, bí ìgbà 31 ni. Kí irú ohùn yẹn tó jáde dáadáa, sípíkà ní láti ti afẹ́fẹ́ púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí sípíkà kékeré oníńṣì 8 kan ṣoṣo fi máa ń tètè rẹ̀wẹ̀sì. Oníńṣì 12 kan tó dára, nínú àpótí tí wọ́n kàn dáadáa, á tó wa fún gbọ̀ngán kékeré.

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ agbára ní láti ru ẹrù. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Ampeg ní Amẹ́ríkà gbé SVT jáde ní 1969, 300 wáàtì ni, àwọn gíláàsì tó ń gbóná bíi gílóòbù ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Orí áńpù náà nìkan ju kílò 35 lọ, ká má tíì sọ àpótí sípíkà mẹ́jọ tó ń bá a rìn. Orí pèpéle ńlá ni wọ́n ṣe é fún. Lónìí, áńpù tí wọ́n ń pè ní Class D lè mú iye wáàtì yẹn jáde, kó má sì ju kílò 3 lọ, torí ńṣe ni àwọn tiransísítọ̀ inú rẹ̀ ń tan tí wọ́n ń kú kíákíá, wọn kì í fi iná ṣòfò sínú ooru. Sípíkà tí wọ́n fi mágínẹ́ẹ̀tì neodymium ṣe náà fúyẹ́ ju ti àtijọ́ lọ. Kódà nínú àwọn tí orí àti sípíkà wà nínú àpótí kan náà, Fender Rumble 100 tó ní sípíkà oníńṣì 12 kò ju nǹkan bíi kílò 10 lọ.

Àmọ́ tó bá jẹ́ tiwa, orí lọ́tọ̀, àpótí lọ́tọ̀ ni. Orí á wọ inú báàgì ìwé. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, èkejì ṣì wà. Bí owó bá tún wọlé lọ́dún tó ń bọ̀, a lè ra àpótí kejì kún un. Nítorí náà, kí àpótí àkọ́kọ́ jẹ́ ti ohm 8. Bí a bá so ohm 8 méjì pọ̀, ohm 4 ni wọ́n máa dà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ orí áńpù ti ń mú gbogbo agbára wọn jáde. Bí a bá lọ ra ohm 4 méjì, ohm 2 ni wọ́n máa dà, ìyẹn sì lè jó orí tí kò gbà á. Wáyà sípíkà gan-an ni kí a fi so wọ́n, kì í ṣe wáyà gìtá.

Àwọn kan á ní, ṣé a ò kúkú lè ki béèsì sínú míksà tààrà, ká fi owó wa ra nǹkan mìíràn? Ọ̀rọ̀ gidi ni. Àwọn awo Motown tí James Jamerson ti ta béèsì, inú ẹ̀rọ stúdíò ni púpọ̀ nínú béèsì náà gbà lọ tààrà, láìsí áńpù. Ṣùgbọ́n sípíkà méjì ló sábà máa ń wà níbi tí à ń lọ, ohùn olórin àti dùùrù ló sì wà nínú wọn. Bí béèsì bá tún kó wọ ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu olórin ò ní já gaara mọ́. Ohun tó yẹ ni kí orí tí a máa rà ní ihò D.I. lẹ́yìn. Níbi kékeré, a ó lo àpótí wa. Ní gbọ̀ngán ńlá, a ó ti ihò yẹn fún oníṣẹ́ ẹ̀rọ wọn ní ohùn, àpótí wa á sì jẹ́ kí àwa fúnra wa máa gbọ́ ara wa.

Ọ̀rọ̀ iná náà ò ṣe é gbójú fò. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ áńpù tó wà lọ́jà. Èyí tó wá láti Amẹ́ríkà lè jẹ́ ti 120 volt nìkan, bẹ́ẹ̀ 230 sí 240 la ń lò nílé. Ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bí wọ́n bá kọ 100 sí 240 síbẹ̀, ọkàn wa balẹ̀. Áńpù Class D kì í sì jẹ iná púpọ̀, jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń gbé gílóòbù àti fáànù lè gbé e pẹ̀lú wọn.

Ohun tó jẹ wá lógún jù nìyí. Owó tí wọ́n ń san fún wa kì í pọ̀. Bí a bá ń háyà mọ́tò nítorí áńpù, mọ́tò ló máa gba èrè wa. Bí ẹrù bá sì wúwo jù, a ó máa yan ẹni tó máa ta béèsì nípa ẹni tó lè gbé áńpù, àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ béèsì lọ́wọ́ báyìí á sì fà sẹ́yìn. Ẹgbẹ́ tí a fi ìmọ̀ dá sílẹ̀ ò gbọdọ̀ di ẹgbẹ́ alágbára.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, nígbà tí a bá fẹ́ dìbò, ẹ bá wa yan orí Class D 300 wáàtì tó ní ihò D.I., àti àpótí oníńṣì 12 kan ti ohm 8. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, bí ọwọ́ yín bá gbé e, àpótí kejì ń dúró dè yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èyí tí ènìyàn méjì máa gbé ránṣẹ́ sí wa.