Àgbàrá Òkè, Òfò Ìsàlẹ̀

Nígbà tí òjò bá dé, àgbẹ̀ a máa dúpẹ́, ẹni tí kànga rẹ̀ ti gbẹ a sì máa dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó wà nínú ìlú Ìbàdàn tí ó jẹ́ pé bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, àyà wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í já. Wọn a gbé àpótí aṣọ gun orí tábìlì, wọn a kó ìwé àwọn ọmọ sí àjà, wọn a sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà títí òjò yóò fi dá. Àwọn wọ̀nyí ni ará ilé wa tí wọ́n ń gbé ní ẹ̀bá odò Ògùnpa, Kúdẹtì àti Ọ̀nà.

Àwọn àgbà ni wọ́n ń pa á lówe pé, àgbàrá kò ní òun kò ní wó ilé, onílé ni kò ní gbà fún un. Òtítọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú rẹ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí. Onílé tí ó wà ní ìsàlẹ̀ lè kọ̀ fún àgbàrá títí. Bí onílé tí ó wà ní òkè bá ń tì í sí i lọ́rùn, kí ni ó kù tí yóò ṣe? Ọ̀rọ̀ tí a ní láti bá ìlú sọ kò ju èyí lọ: òfin àgbàrá tí kò bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè kò lè gba ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀ là.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti òní. Ògùnpa ti ya wọ ilé àwọn ènìyàn ní 1963 àti ní 1978, kí ó tó di ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, èyí tí àwọn ará Ìbàdàn sọ ní Omíyalé, tí orúkọ náà kò sì tí ì kúrò lẹ́nu wa títí di òní. Ènìyàn tí ó lé ní 100 ni omi gbé lọ. Ọgbà Agodi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣe fàájì bàjẹ́ pátápátá. Lẹ́yìn èyí, ìjọba gbẹ́ odò náà, wọ́n sì fi kọnkéré mọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ó parí. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, òjò ńlá mìíràn rọ̀. Ní ọjọ́ yìí, kì í ṣe Ògùnpa nìkan ni a ń sọ. Àwọn odò mìíràn ya, afárá já, omi kún àkúnya ní adágún Ẹlẹ́yẹlé, Ifásitì Ìbàdàn pàdánù ohun púpọ̀, ènìyàn tí ó lé ní 100 sì tún bá a lọ. Ẹ kíyè sí i pé ní ìparí oṣù kẹjọ ni méjèèjì ṣẹlẹ̀, ní àkókò tí òjò sábà máa ń sinmi díẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé òun mọ ọjọ́ tí àgbàrá yóò kan ìlẹ̀kùn.

Ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ètò ìdènà omíyalé fún Ìbàdàn, wọ́n sì yá wa ní 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ náà. Yíyá ni a wí, a kò wí ẹ̀bùn. Àwa àti àwọn ọmọ wa ni yóò san án. Ẹni tí ó bá yá owó kọ́ ilé, tí ó tún ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ bíríkì ìdí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, orúkọ wo ni a ó pe irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀, nítorí ohun tí a bá fi ìṣirò hàn ni oníṣòwò ń gbà gbọ́. Ẹ mú ilé kan tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ mítà 10 ní gígùn àti mítà 10 ní ìbú. Bí òjò tí ó rọ̀ bá tó mílímítà 100, omi tí yóò dà sílẹ̀ láti orí òrùlé kan ṣoṣo náà jẹ́ lítà 10,000, èyí ni kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lọ́nà 400. Bí ilé 20 bá wà ní àdúgbò kan, ó di kẹ́ẹ̀gì 8,000, a kò sì tí ì ka èyí tí ó rọ̀ sí àgbàlá àti sí ojú títì. Níbo ni kí ó gbà?

Láyé àtijọ́, ilẹ̀ ni ó ń mu púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé wa jẹ́ ilẹ̀ lásán, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà níbẹ̀, kókò wà níbẹ̀, koríko sì ń dá omi dúró kí ó má baà sáré. Lónìí, ẹni tí Ọlọ́run bá ṣe fún, tí ó kọ́ ilé sí orí òkè, a fi sìmẹ́ńtì lẹ gbogbo àgbàlá rẹ̀ láti ògiri dé ògiri, a sì dá ihò sí ìdí ògiri náà kí omi lè jáde sí títì. Lójú rẹ̀, ìmọ́tótó ni. Ènìyàn rere ni, ó ń san owó orí, kì í jà, kò sì mọ̀ pé omi tí òun tì jáde ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ ni ó dé ọ̀run ìbùsùn ìyá arúgbó kan ní ìsàlẹ̀. Òun kò pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ bá ṣe bákan náà ní ọjọ́ kan náà, ikú a wọ ìlú.

Omi nìkan kọ́ ni àgbàrá ń gbé. Ó ń gbá ọ́ìlì dúdú láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tún mọ́tò ṣe, ó ń gbá ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran láti ibi ìpẹran, ó ń gbá ohun tí kò yẹ kí a dárúkọ láti inú ṣáláńgá tí ó ti kún, ó sì ń gbá ọ̀rá omi tí a mu tán tí a sọ sílẹ̀. Èyí tí ó burú jù lọ ni ìwà àwọn kan tí wọ́n ń dúró de òjò. Bí òjò bá ti ń rọ̀ gidigidi, nígbà náà ni wọn yóò gbé ìdọ̀tí ọ̀sẹ̀ kan jáde, wọn yóò dà á sínú àgbàrá, wọn yóò sì wí pé, "Omi á gbé e lọ." Ó ń gbé e lọ síbo? Bí kò bá há sí abẹ́ afárá, kí odò sì ya, yóò wọ inú kànga ẹlòmíràn. Kànga tí kò jìn tí kò sì ní ìdérí ni púpọ̀ nínú wa ń pọn. Láti inú rẹ̀ ni àrùn onígbáméjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun ti ń jáde. Ìyókù a bá Ògùnpa lọ sínú odò Ọ̀nà, Ọ̀nà a sì gbé e títí dé ọ̀sà Èkó, níbi tí ẹja tí a óò tún fi owó wa rà ti ń gbé.

A ha lè wí pé kò sí òfin bí? Òfin ń bẹ. Ìwé Òfin Ilẹ̀ wa ti 1999, ní Àfikún Kẹrin rẹ̀, kọ ọ́ gbangba pé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni láti ṣe ọ̀nà omi àti láti tọ́jú rẹ̀, àti láti kó ìdọ̀tí. Ní 2009, ìjọba àpapọ̀ ṣe ìlànà lórí ìmọ́tótó àti ìdọ̀tí, tí ó de onílé àti ayálégbé pẹ̀lú oníṣòwò. Àwọn baba wa pàápàá mọ wolé-wolé, ẹni tí ń tú ìdérí ìkòkò láti wá tanwíjí, tí gbogbo ilé ń sá fún. Àìsí òfin kọ́ ni àrùn wa. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé wolé-wolé wo inú ìkòkò, kò wo ọ̀nà tí omi ń gbà. Òfin sì ń dúró de omi ní bèbè odò, nígbà tí omi ti di ẹhànnà tán.

Nítorí èyí ni ó fi jẹ́ pé ẹni ìsàlẹ̀ ni òfin ń bá. Ilé tirẹ̀ ni a ń fi ọ̀dà pupa sàmì sí, òun ni a ń bá wí pé ó kọ́lé sí ojú odò. A kò gbè sẹ́yìn ẹni tí ó kọ́lé sí ojú odò. Ó ṣe àìdára sí ara rẹ̀ àti sí ìlú. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn nínú wọn ní ìwé, òǹtẹ̀ ọ́fíìsì sì ń bẹ lára ìwé náà. Ta ni ó tẹ̀ ẹ́? Kí ni a bi í? Bí a bá wó ilé ẹni tí ó ra ilẹ̀, tí a kò bi ẹni tí ó gba owó, tí a kò sì bi ẹni tí ó fọwọ́ sí i, ìdájọ́ náà kò tíì pé.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni gọ́tà gbígbá tí a ń ṣe. Ọkùnrin àti obìnrin a jáde pẹ̀lú ṣọ́bìrì, wọn a kó ẹrẹ̀ àti ọ̀rá jáde, wọn a sì kó o jọ sí ẹ̀bá gọ́tà kan náà. Ọkọ̀ kò wá kó o. Òjò kan rọ̀, gbogbo rẹ̀ tún padà sí ibi tí ó ti wá. Ènìyàn tí ó ti ṣe èyí lẹ́ẹ̀mẹta kò ní jáde lẹ́ẹ̀kẹrin, a kò sì lè dá a lẹ́bi.

Nítorí náà, ohun márùn-ún ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí a má ṣe fọwọ́ sí ìwé ilé kíkọ́ kankan, ìbáà ṣe ti ọlọ́lá tàbí ti mẹ̀kúnnù, tàbí ti ìjọba fúnra rẹ̀, bí kò bá fi hàn níbi tí omi òjò yóò gbà. Kí a sì fi apá kan nínú ilẹ̀ sílẹ̀ láìlẹ sìmẹ́ńtì sí i, kí òrùlé sì da omi sí àgbá tàbí sí táńkì. Omi náà yóò wúlò fún aṣọ fífọ̀. Èkejì, kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí odò kan náà ń gba inú wọn kọjá máa jókòó pọ̀, nítorí odò kò mọ ààlà ìjọba ìbílẹ̀. Èyí tí ọ̀kan bá kó jáde kò gbọdọ̀ di ẹrù èkejì. Ẹ̀kẹta, kí ọkọ̀ tí ń kó ìdọ̀tí kọ́kọ́ dé àdúgbò ná, kí ìwé ìtanràn tó dé. Ẹ̀kẹrin, kí a fún ẹni tí ó ní ìwé tòótọ́ ní ibòmíràn tàbí ní owó kí a tó wó ilé rẹ̀, kí a sì pe òṣìṣẹ́ tí ó fọwọ́ sí i wá wí tẹnu rẹ̀. Ẹ̀karùn-ún, kí a máa gbá gọ́tà ní ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ẹrẹ̀ gbẹ tí ó sì fúyẹ́, kí a má ṣe dúró de ìgbà tí omi bá dé ọrùn.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò bi wá pé, "Níbo ni ẹ fẹ́ kí mẹ̀kúnnù ti rí owó táńkì?" Ìbéèrè rere ni. Ìdáhùn wa ni pé àgbá kan lábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀ kò pọ̀ jù fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé, ilẹ̀ tí a kò lẹ sì kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Àní owó sìmẹ́ńtì ni ó fi pamọ́. Ẹni tí ó lè fi sìmẹ́ńtì tẹ́ àgbàlá ńlá ni ó lè ra táńkì. Àwọn oníṣòwò ọjà náà yóò wí pé ẹni tí ń tà kò ní àyè láti wá ibi tí yóò da ìdọ̀tí sí. Òótọ́ ni, nítorí náà ni a ṣe fi ọkọ̀ ṣáájú ìtanràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ bá ti dé, tí apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí sì wà ní ìdí ìsọ̀, kí ẹgbẹ́ ọjà fúnra rẹ̀ mú ẹni tí ó bá tún da nǹkan sí gọ́tà. Ìsọ̀ tí omi kọ́kọ́ máa ń wọ̀ ni èyí tí ó wà nítòsí odò, gbèsè ọjà tí ó bá omi lọ kò sì sí ẹni tí ń dárí rẹ̀ jì.

Àwọn baba wa wí pé ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Nínú ìlú tí òkè àti ìsàlẹ̀ pọ̀ bí Ìbàdàn, ẹni kan ni ó ń da omi síwájú, ẹlòmíràn ni ó ń tẹ ẹrẹ̀. Kí ìwọ tí o wà lórí òkè rántí pé òjò tí ń rọ̀ sí òrùlé rẹ kì í ṣe tìrẹ nìkan. Kí ìwọ tí ó di òfin mú rántí pé odò kì í gba ẹ̀bẹ̀, kì í sì í gba rìbá. Bí a bá ṣe èyí tí ó tọ́ láti òkè wá, àwọn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ yóò lè sùn nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lóru, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti yẹ kí ó sùn.