Ẹni Tó Ń Se Ọbẹ̀ Ni Kí Ẹ Bá Sọ̀rọ̀

Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ lọ dúró sẹ́nu géètì ilé ìwòsàn ìjọba èyíkéyìí nílẹ̀ Yorùbá, kí ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń retí àkókò àbẹ̀wò. Kúlà ni. Fúláàsì ni. Abọ́ tí wọ́n fi ìborùn dì ni. Àmàlà wà nínú òmíràn, ìrẹsì àti dòdò wà nínú òmíràn, ẹ̀kọ gbígbóná àti mọ́ínmọ́ín eléwé náà ò gbẹ́yìn. Ìyàwó ló gbé e wá, tàbí àbúrò, tàbí ìyá arúgbó tó wọ ọkọ̀ méjì kó tó débẹ̀. Sikiọ́ríìtì á yẹ báàgì wò fìrí, á ní kí wọ́n máa kọjá. Kò sẹ́ni tí yóò béèrè pé, "Màmá, ta lẹ gbé èyí wá fún, kí ló sì ń ṣe é?"

Bẹ́ẹ̀, nínú wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, lórí bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé ara wọn, ẹ lè bá ẹni tí iyọ̀ lè pa, ẹni tí ọsàn lè pa, ẹni tí omi tútù lásán lè pa, àti ẹni tó jẹ́ pé àìrí ẹyin àti ẹja jẹ tó ni kò jẹ́ kí egbò iná ara rẹ̀ jiná. Oògùn tí kálukú wọn ń lò, dókítà ti kọ ọ́ sínú fáìlì: èyí tí yóò lò, iye tí yóò lò, ìgbà tí yóò lò ó. Nọ́ọ̀sì á fọwọ́ sí i pé òun ti fún un. Oúnjẹ ńkọ́? "Kó máa jẹun dáadáa, kó ṣáà dín iyọ̀ kù." Ó parí.

Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé ìmọ̀ oúnjẹ aláìsàn ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ti pẹ́ láyé. Kó tó di ọdún 1922 tí wọ́n kọ́kọ́ gún ènìyàn lábẹ́rẹ́ ínsúlíìnì ní Toronto, oúnjẹ nìkan ni ohun ìjà tí dókítà ní sí àtọ̀gbẹ, ebi sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìtọ́jú náà. Ní 1921, Russell Wilder ní ilé ìwòsàn Mayo, Amẹ́ríkà, dábàá oúnjẹ tí ọ̀rá pọ̀ nínú rẹ̀ gan-an fún àwọn tó ní wárápá. Títí dòní ni wọ́n ń lò ó fún àwọn ọmọdé tí oògùn ò ràn. Ní 1939 ni Walter Kempner, dókítà ọmọ Jámánì tó sá wá sí Yunifásítì Duke, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìrẹsì àti èso bọ́ àwọn tó ní àìsàn kídìnrín àti ẹ̀jẹ̀ ríru tó le. Nígbà yẹn, kò tíì sí oògùn gidi fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn wálẹ̀. Ìrẹsì náà ò jọ tòde ìyàwó o, iyọ̀ ò kàn án rárá, ó sì sú àwọn tó ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́.

Àwọn onímọ̀ oúnjẹ aláìsàn tí à ń pè ní dáyẹtíṣàn wà lọ́dọ̀ wa náà. Wọ́n wà ní ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn, wọ́n wà ní ilé ìwòsàn LUTH l'Ékòó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kékeré ò ní ẹyọ kan. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò ni pé, níbi tí wọ́n tilẹ̀ wà, ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ kọ́ ló ń dáná.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni iṣẹ́ ọ́fíìsì. Dáyẹtíṣàn dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, ó ṣàlàyé títí, ó fún bàbá ní bébà kan. Bàbá ń mi orí. Bàbá tó ń mi orí yìí kò dá iná ọbẹ̀ láti ìgbà tó ti gbéyàwó. Kò mọ iye magí tó ń wọ ìkòkò, kò mọ̀ bóyá epo inú ẹ̀fọ́ jẹ́ ìgbakọ kan tàbí mẹ́ta. Ìyàwó tó mọ̀ ọ́n wà lọ́jà ní wákàtí yẹn, ó ń ná ata. Nígbà tí yóò fi gbé kúlà dé, dáyẹtíṣàn ti wà nínú ọkọ̀ tó ń lọ sílé. Ìyàwó á béèrè ohun tí wọ́n wí. Bàbá á ní, "Wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ohun tí mò ń jẹ." Ọbẹ̀ wo ni èèyàn lè fi ìyẹn sè?

Mo fẹ́ fi àìsàn kídìnrín ṣe àpẹẹrẹ, torí ibẹ̀ ni ìfẹ́ ẹbí ti ń ṣe jàǹbá jù. Kídìnrín tó dá ṣáṣá ló ń gbá potásíọ̀mù tó bá pọ̀ jù lára wa jáde sínú ìtọ̀. Bí kò bá lágbára mọ́, potásíọ̀mù á máa kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn ló sì ń gbéjà kò. Ọkàn tó ń lù kìkì lè dákẹ́ lójijì, láìjẹ́ pé aláìsàn pariwo kankan tẹ́lẹ̀. Inú àwọn nǹkan tí à ń pè ní oúnjẹ aṣaralóore gan-an sì ni potásíọ̀mù ń gbé: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ọsàn, tòmátì, omi àgbọn, iṣu, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́. Àpò èso tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń gbé lọ kí aláìsàn, irú wọn ló kún inú rẹ̀.

Ó tún kù. Kídìnrín yìí kan náà ló ń ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn inú egungun pé kó máa ṣe ẹ̀jẹ̀. Bó bá ti dẹnu kọlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á dín, ojú aláìsàn á funfun bálaú. Dókítà á sọ pé ẹ̀jẹ̀ ò tó lára rẹ̀. Gbólóhùn yẹn nìkan ni ìyá rẹ̀ máa gbé délé. Á já ewé ùgwù tó pọ̀, á fọ̀ ọ́, á gún un, á fún omi rẹ̀ sínú ike láìgbé e kaná, á da mílíìkì lé e, á sì gbé e wá nírọ̀lẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe fún òun náà nìyẹn nígbà tó bímọ tí ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀, ara rẹ̀ sì yá. Ṣùgbọ́n kídìnrín tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Èyí tó gbé fún ọmọ rẹ̀ yìí, potásíọ̀mù odidi ìdì ewé kan ló fún sínú ife kan ṣoṣo fún ẹni tí kò ní ọ̀nà tí yóò gbà tú u dànù. Nọ́ọ̀sì tó ń kọjá lọ rí ike náà, ó tilẹ̀ ń yin màmá pé ó kú ìtọ́jú.

Ta ni ká dá lẹ́bi? Kì í ṣe ìyá.

Kì í sì í ṣe pé aláìsàn kídìnrín ò ní jẹ iṣu mọ́ láyé rẹ̀. Ọgbọ́n sísè rẹ̀ ló wà. Ẹ bẹ iṣu, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi púpọ̀ fún wákàtí bíi mélòó kan, ẹ da omi náà nù, ẹ fi omi mìíràn sè é, kí ẹ tún da omi tí ẹ fi sè é nù. Potásíọ̀mù tó pọ̀ díẹ̀ á ti bá omi lọ. Ìwọ̀n tó máa jẹ ló wá kù, ìyẹn sì wà lọ́wọ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìyá tó lè se ẹ̀wà fún ìgboro jẹ kò ní ṣàìmọ èyí í ṣe bí ẹnìkan bá sọ fún un.

Ìmọ̀ràn tó dára lánàá sì lè di ewu lónìí. Ẹni tó wọn kílò 60, tí kídìnrín rẹ̀ ti ń rọ ṣùgbọ́n tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹ̀jẹ̀ lórí ẹ̀rọ, wọ́n sábà máa ń ní kó má jẹ ju bíi gíráàmù 36 sí 48 púrótéènì lọ lóòjọ́. Ẹyin kan ní bíi gíráàmù 6. Lọ́jọ́ tó bá bọ́ sórí ẹ̀rọ, gbogbo rẹ̀ yí padà: ẹ̀rọ ń fa púrótéènì jáde lára, ó wá nílò tó bíi gíráàmù 60 sí 72. Ṣé ẹnìkan lọ sílé lọ sọ fún ẹbí pé òfin ti yí? Kò sí. Wọ́n ṣì ń wọ́n ẹja fún un nítorí ohun tí wọ́n gbọ́ lésìí, ó sì ń rù.

Àtọ̀gbẹ náà ní tirẹ̀. Gbogbo ayé ti gbà pé àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni oúnjẹ onítọ̀ ṣúgà, wọ́n á wá rọ ọ́ gègèrè bí òkè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú sàn ju ọ̀pọ̀ òkèlè lọ lóòótọ́, àmọ́ òun náà ń di ṣúgà nínú ara, ìwọ̀n rẹ̀ ló ṣe kókó. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ju ìyẹn lọ ni ti àkókò. Ínsúlíìnì kan wà tí wọ́n ń gún ní bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sígbà tí aláìsàn máa jẹun. Nọ́ọ̀sì gún un ní aago méje àárọ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Àbúrò tó ń gbé oúnjẹ bọ̀ wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Aago mẹ́sàn-án kọjá, ṣúgà ara aláìsàn ti ń já wálẹ̀, òógùn tútù bò ó, ó ń sọ kántankàntan. Oògùn tó tọ́ ni, oúnjẹ tó tọ́ náà ló wà nínú kúlà, àkókò ni wọn ò jọ ṣàdéhùn.

Ẹni tí rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù, ọ̀fun rẹ̀ lè máà mọ ọ̀nà ikùn yàtọ̀ sí ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Omi tó ń ṣàn geere ló máa ń ṣìnà jù. Ògì tó ki sàn fún ọ̀pọ̀ wọn ju omi lọ, bí wọ́n bá sì ti yẹ ọ̀fun wò tí kò gbà, ọ̀pá tínínrín ni wọ́n ń tì gba imú lọ sínú ikùn. Ṣùgbọ́n tí ọmọ bá dé, tó rí ètè bàbá rẹ̀ tó gbẹ, omi ló máa kọ́kọ́ bù fún un lórí ìdùbúlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àǹtí tó ń fi àkàrà pamọ́ sínú báàgì fún ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún, torí lójú tirẹ̀, kò yẹ kí ẹni náà fi ebi wọ tíátà. Wákàtí mẹ́fà ni oúnjẹ líle gbọ́dọ̀ fi jìnnà sí oògùn oorun, ó kéré tán.

Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 iyọ̀ lóòjọ́, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí tíì kan, láti inú gbogbo ohun tó bá jẹ. Àwọn ìyàwó ilé ti gbọ́ "ẹ dín iyọ̀ kù", wọ́n sì dín in lóòótọ́. Wọ́n wá fi magí mẹ́ta dípò kí ọbẹ̀ má baà tẹ́. Iyọ̀ ló pọ̀ nínú magí! Ìrú tí wọn ò fi iyọ̀ pa mọ́, efinrin, àlùbọ́sà, ata rodo, àwọn ló yẹ kó gbé ọbẹ̀ aláìsàn ró.

Àwọn kan ní kí ilé ìwòsàn fòfin de oúnjẹ ilé pátápátá, kí gbogbo aláìsàn máa jẹ ti kíṣìnnì wọn. Mi ò bá wọn lọ. Oúnjẹ tí aláìsàn ò lè jẹ kò wo ẹnikẹ́ni sàn, kíṣìnnì ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa ò sì lágbára àtise oríṣi mẹ́wàá lójúmọ́. Owó náà ńkọ́? Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, ẹni tó ti ta ẹrù san owó àyẹ̀wò ò ní rí ẹja tútù rà lójoojúmọ́. Ẹni tó ń se oúnjẹ nílé ló lè fi ẹ̀wà, ẹyin tàbí sóyà dọ́gbọ́n sí i, tó bá ní atọ́nà.

Bébà tí àwọn dáyẹtíṣàn ń pín náà nílò àtúnṣe. Mo ti rí irú rẹ̀ tó ń fi ápù àti búrẹ́dì oníhóró dá àwọn ará abúlé lọ́lá, tó ń fi gíráàmù wọn oúnjẹ fún ilé tí kò ní ìwọ̀n. Agolo mílíìkì, ìgbakọ, ṣíbí ìjẹun, iye ẹ̀kọ eléwé: àwọn ni ìwọ̀n wa. Ẹ sọ fún ìyàwó ilé pé kí òkèlè má ju ìkúùkù ọwọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀ lọ, ó ti yé e.

Ẹ̀yin ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí wákàtí iṣẹ́ dáyẹtíṣàn kan péré padà, kó máa wọlé ní ọ̀sán, kó sì wà títí àkókò àbẹ̀wò á fi parí. Tábìlì kan àti àga méjì lẹ́nu wọ́ọ̀dù ti tó o, kò gba kọ́ńtíráàtì. Ẹ jẹ́ kí dókítà máa kọ oúnjẹ sínú fáìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn, kí wọ́n sì lẹ ohun tí aláìsàn ò gbọdọ̀ fẹnu kàn mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lédè Yorùbá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé kúlà lọ lọ́la, ẹ má dúró de tábìlì yẹn. Kí ẹ tó gbé ìkòkò kaná, ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì: kí ni kò gbọdọ̀ jẹ, ṣé ó lè gbé omi mì, aago mélòó lẹ ń gún un lábẹ́rẹ́? Bí nọ́ọ̀sì bá ní òun ò mọ̀, ẹ ní kó bá yín pe dáyẹtíṣàn, kí ẹ sì dúró dè é.