Wọ́n Ti Gbé Pẹpẹ Wálẹ̀ fún Ọwọ́ Ọmọdé

Ẹ̀yin ará wa tó ń tọ́ ọmọ ní London àti agbègbè rẹ̀, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ̀rọ̀ láìfepo bọyọ̀. Sátidé tó bá ti pé, tọ́mọ bá ní ilé ti sú òun, ibi tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ òbí ni mall: Westfield ní Stratford, Lakeside ní Essex, Bluewater ní Kent. Àwa tá a ní a ò lọ, wọ́n ní a háwọ́. Ẹ gbọ́, a ò háwọ́ o. Ohun tá à ń sọ ni pé mall kì í ṣe ibi ìgbafẹ́ ọmọdé. Ibi iṣẹ́ ni, iṣẹ́ ọ̀hún ò sì ju kí wọ́n ti ara ọmọ gbowó lọ́wọ́ òbí.

Software là ń kọ jẹun, iṣẹ́ yìí ló sì jẹ́ ká tètè dá ọgbọ́n náà mọ̀. Nídìí iṣẹ́ tiwa, ohun tí àwọn ọ̀gá máa ń bèèrè ni pé ìṣẹ́jú mélòó lèèyàn lò nínú app, ibo ló tẹ̀, kí ló dé tó fi jáde. Wọ́n á ní ká gbé bọ́tìnnì ìrajà síbi tí àtàǹpàkò á ti bá a, ká gbé bọ́tìnnì ìjáde sí kọ̀rọ̀. Mall ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí wa. Ẹ wo inú rẹ̀ dáadáa: fèrèsé tó kọjú síta ò pọ̀, aago ògiri ṣọ̀wọ́n. Ẹ bá gun escalator kan tán, ẹ ó kọjá níwájú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ tó rí èkejì. Kì í ṣe pé ẹni tó kọ́ ọ ṣèèṣì.

Victor Gruen, ọmọ Vienna, ló ya àwòrán Southdale, mall abòrùlé tí wọ́n ṣí ní Edina, ìpínlẹ̀ Minnesota, lọ́dún 1956. Èrò tirẹ̀ ni pé kí ilé gbígbé, ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti páàkì yí i ká, kó dà bí àárín ìlú. Nígbẹ̀yìn, ṣọ́ọ̀bù àti ibi ìgbọ́kọ̀sí ló gba gbogbo ilẹ̀. Nígbà tó darúgbó, ó kọ àwọn mall lọ́mọ ní gbangba. Bí bàbá bá kọ ọmọ, ṣé ọmọ náà ló yẹ ká máa gbé ọmọ tiwa fún kó bá wa tọ́?

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ. Ní mall, wọ́n ti gbé pẹpẹ wálẹ̀. Súìtì àti ohun ìṣeré wà níbi tí ojú ọmọ ọdún 4 mọ. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ìjọba dá sí i: láti oṣù kẹwàá ọdún 2022, òfin ilẹ̀ England ò gba àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá láyè mọ́ láti pàtẹ àwọn oúnjẹ kan tí súgà, iyọ̀ tàbí ọ̀rá pọ̀ jù nínú wọn síbi ìsanwó àti ẹnu ọ̀nà. Òfin yẹn ò kan ohun ìṣeré. Èyí kù sọ́wọ́ òbí.

Ẹlòmíì á ní, "Ṣebí ìyá wa náà máa ń mú wa lọ sọ́jà?" Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ la bá lọ. Ọmọ tó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sí Bódìjà á kí àwọn ìyá ọlọ́jà, á gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ná ata, á gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń bèèrè èènì, á sì bá a ru ẹrù délé. Ìṣirò, ìkíni àti sùúrù ló kọ́ yẹn. Ní mall, kò sẹ́ni tó ń ná nǹkan. Wọ́n á fi káàdì kan ẹ̀rọ, á dún pìn, ó parí. Ọmọ tí kò rí owó tó kúrò lọ́wọ́ òbí, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé owó ń tán?

A mọ̀ pé òtútù January kì í ṣeré. Ilé kéré, aládùúgbò ń kan ògiri, mall sì móoru. Ṣùgbọ́n Science Museum àti Natural History Museum móoru pẹ̀lú, ọ̀fẹ́ sì ni wíwọlé. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 11 kì í sanwó bọ́ọ̀sì ní London. Ilé ìkàwé àdúgbò ń yá ọmọdé níwèé lọ́fẹ̀ẹ́. Orí idẹ kan tí wọ́n wú nílẹ̀ Ifẹ̀ lọ́dún 1938 wà lọ́wọ́ British Museum; mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló mọ̀? Ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ ṣọ́ọ̀bù bàtà, wọ́n á kà á bí oríkì.

A ò ní kẹ́nikẹ́ni má wọ mall mọ́. Bàtà ilé ìwé ò ní fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rà sórí ìwé, kí ọmọ mú un dání, kó ro iye rẹ̀ pọ̀, kó fọwọ́ ara rẹ̀ sanwó, kó ka ṣéńjì. Tẹ́ ẹ bá rà á tán, ó dilé. Àmọ́ ọmọ tó jẹ́ pé Sátidé nìkan ló ń rí ìyá àti bàbá rẹ̀ pọ̀, torí iṣẹ́ òru àti iṣẹ́ àárọ̀, kò yẹ ká kó ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn fún àwọn onísọ́ọ̀bù. Ọmọ tá ò kọ́ ló ń gbé ilé tá a kọ́ tà. Èyí tí mall bá bá wa kọ́, á ti ná owó búlọ́ọ̀kù tán ká tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀.