Kọ̀ǹpútà Tí Kì Í Kágò

Ẹ wá jókòó sí kàfé kan ní Baruwa lásìkò tí àwọn ọmọ ń tẹ ìwé JAMB jáde. Ọmọbìnrin kan fẹ́ tẹ ojú ìwé kan ṣoṣo. Ó na fóònù rẹ̀ sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìyẹn ki wáyà bọ̀ ọ́, ó tẹ nǹkan lójú fóònù náà, ni àwòrán ọmọ ọlọ́mọ bá tò rẹrẹ sójú kọ̀ǹpútà: ti ọjọ́ ìbí, ti màmá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ti èyí tó yà nínú yàrá. Gbogbo àwa tí a tò sẹ́yìn rẹ̀ la rí i. Ojú tì í, ojú sì ti àwa náà.

Kò sí olè níbẹ̀ o. Ẹni tó ki wáyà bọ fóònù ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni. Àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà là ń bá wí, àwa akẹ́kọ̀ọ́ sì wà lára wọn, torí àwa náà ti gbà pé ètò tó mọṣẹ́ ni èyí tó bá rí fóònù tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó nǹkan inú rẹ̀ láìbéèrè.

Kí kọ̀ǹpútà dá fóònù mọ̀ kò burú. Bí wáyà bá ti wọlé, fóònù á fi àmì ìdánimọ̀ méjì hàn, ọ̀kan ti ilé iṣẹ́ (18d1 ni ti Google, 05ac ni ti Apple), èkejì ti irú fóònù tó jẹ́. Windows tàbí Linux á wá kéde fún àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ pé àlejò dé. Ta ló wá ní kí wọ́n tú ẹrù àlejò?

A ti rí ibi tí àìbéèrè ń gbéni dé. Windows àtijọ́ máa ń ṣí ohun tó wà lórí fláàṣì fúnra rẹ̀, ọ̀kan lára ọ̀nà tí kòkòrò Conficker gbà tàn káàkiri nìyẹn. Ní 2011 ni Microsoft fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí XP àti Vista kí àṣà náà lè dópin. Àwọn tó ń ṣe fóònù náà fi ọgbọ́n kọ́gbọ́n: láti iOS 7, ní 2013, iPhone ń béèrè bóyá a fọkàn tán kọ̀ǹpútà, láti Android 6.0, ní 2015, iná nìkan ni fóònù ń gbà àfi bí a bá yan nǹkan mìíràn.

Wọ́n á ní, ṣebí ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn? Kò parí. Àwọn tó ronú kan ìbéèrè yẹn rò pé ẹni tó ni fóònù náà ló ni kọ̀ǹpútà. Ní àdúgbò wa, oníkàfé ló ni kọ̀ǹpútà, òun náà ló sì ń bá oníbàárà dáhùn. Tó bá ti tẹ "File transfer" lórí Android, àwòrán, ohùn, àti ohun tí WhatsApp kó pamọ́, gbogbo rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀ nítorí ojú ìwé kan. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 ní kí ẹni tó ń gba dátà ẹlòmíràn má gbà ju ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ nílò lọ.

Kí ètò kọ̀ǹpútà kágò, kó béèrè fáìlì wo là ń fẹ́, kó mú ìyẹn nìkan, kó sì gbàgbé fóònù náà bí wáyà bá ti yọ. Àwọn kan ní yóò fa iṣẹ́ sẹ́yìn, pé èrò pọ̀, NEPA sì lè mú iná lọ. Ẹni tó bá ti dúró rí kí kọ̀ǹpútà to ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àwòrán tán mọ ibi tí àkókò ń gbé ṣòfò.

Ètò ìtẹ̀wé kan wà tí àwa náà jọ kọ, ìlà tó ń kó àwòrán fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀, a tiẹ̀ fi í yangàn. A ti yọ ọ́. Ẹ̀yin tí tiyín ṣì wà níbẹ̀ ńkọ́?