Ẹ Má Fi Ilẹ̀ Sílẹ̀ ní Ìhòòhò

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé sí Ìbàdàn, tí ètè bẹ̀rẹ̀ sí í bó, tí omi kànga sì ń fà sẹ́yìn títí okùn ìfami kò fi tó o mọ́, kì í pẹ́ tí àwọn ará ilé fi ń bi olọ́gbà ẹ̀fọ́ léèrè bóyá omi tí ènìyàn kò rí mu ni yóò máa dà sídìí tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ. Wọn kò jẹ̀bi, nítorí omi abùwẹ̀, omi abùmu, ẹnu ọmọ ènìyàn ni ó kọ́kọ́ tọ́ sí. Síbẹ̀ n kò gbà pé kí a tìtorí èyí jẹ́ kí ọgbà gbẹ, nígbà tí kì í ṣe ẹ̀fọ́ nìkan ni ó ń mu omi tí a ń dà: oòrùn ń bá a mu ún, kì í sì í mu díẹ̀.

Mo da garawa omi méjì sórí ebè ewédú kan lọ́sàn-án gangan nínú oṣù kìíní. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, mo ti ìka bọ ilẹ̀ náà, oríkèé kìíní kò sì tíì wọlé tán tí mo fi kan erùpẹ̀ tí ó gbẹ bí èlùbọ́. Àwọn àgbà ní omi tí ènìyàn yóò mu kì í ṣàn kọjá rẹ̀. Omi ewédú yìí ti kọjá rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, fẹ̀ẹ̀rẹ̀ ni mo ń bomi rin ín, ìdí rẹ̀ ni mo sì ń dà á sí.

Ilẹ̀ ògẹ́rẹ́, afọkọ́yẹrí! Ọkọ́ ni a fi ń ya irun rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni ó ń wé gèlè fún un lẹ́yìn ìyarun? Àwọn baba wa tí wọ́n ń fi koríko dé ebè iṣu lórí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Koríko gbígbẹ tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti rọ, tí a tẹ́ nípọn tó ìka mẹ́rin, tí a kò jẹ́ kí ó kan igi ẹ̀fọ́ kí ó má baà rà, yóò dí oòrùn lójú, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ yóò sì tutù títí.

Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ rántí àmù ìyá àgbà nínú igun yàrá, bí ó ti máa ń làágùn, tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kì í gbẹ: òógùn yẹn gan-an ni àwọn àgbẹ̀ Ṣáínà ti ń lò láti ohun tí ó lé ní 2,000 ọdún, tí wọ́n ń ri ìkòkò amọ̀ mọ́lẹ̀ títí dé ọrùn, tí wọ́n ń pọn omi kún un, tí gbòǹgbò ohun ọ̀gbìn yíká rẹ̀ sì ń fà á mu díẹ̀díẹ̀. Ó dùn mí pé àwa tí a ní àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Ìpetumodù àti ní Dáda ní Ìlọrin ń fi ọ̀rá àti ike rọ́pò iṣẹ́ ọwọ́ wọn, tí a sì ń ráhùn omi.

Bí òjò àrọ̀kúrò bá sì ń rọ̀, kí a gbé àgbá sí abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Òjò mìlímítà 20 péré lórí òrùlé tí ó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 50 jẹ́ 1,000 lítà omi. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì náà wúlò fún ata, ṣùgbọ́n kí omi ọṣẹ ìfọṣọ má ṣe dé ibẹ̀.

Mo ri ìkòkò kan sáàárín ṣọkọ mi, mo sì fi àwo dé e lẹ́nu kí ẹ̀fọn má baà yé sí i. Ní ọjọ́ kẹta tí mo ṣí i, omi rẹ̀ ti fà dé ìdajì, erùpẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì dúdú, ó tutù, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.