Káṣúà Náà, Òṣìṣẹ́ Ni

"Ẹ má dà mí láàmú, káṣúà ṣá ni." Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ọ̀gá ilé búrẹ́dì kan nìyẹn, nígbà tí ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun gé ìka mọ́ ọmọkùnrin tó gbà síṣẹ́ nítorí ọjà Kérésì lọ́wọ́. Ó fún un lówó ọkọ̀, ó ní kó máa lọ sílé.

A mọ̀ pé ọjà ò dúró sójú kan. Láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí náírà sì já wálẹ̀, owó oṣù ti di ẹrù lórí ọ̀pọ̀ ọ̀gá. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ gba alágbàṣe, kò sẹ́ni tó bá yín wí. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún yín pé ẹni tí kò gba ìwé ìgbanisíṣẹ́ kì í ṣe òṣìṣẹ́? Bí ẹ bá háyà jẹnẹrétọ̀ fún ìnáwó ọjọ́ kan, tó jó mọ́ yín lọ́wọ́, ṣé ẹ ó sọ fún olówó rẹ̀ pé ọjọ́ kan péré lẹ lò ó? Jẹnẹrétọ̀ lólówó, ọmọ ènìyàn wá di ohun tí a lè bà jẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́!

Òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó fara pa kò fi epo bọyọ̀. Onígbà díẹ̀, káṣúà, ọmọ iṣẹ́, títí kan ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í ṣe ẹbí, òṣìṣẹ́ ni gbogbo wọn, ìbáà jẹ́ ẹnu lásán lẹ fi gbà wọ́n. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ni agbanisíṣẹ́ ń san fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń san owó gbà-má-bínú náà. Lórí 70,000 náírà, 700 náírà ni. Owó tí kò tó ra búrẹ́dì ńlá kan lẹ ń ṣahun sí. Nígbà tí iná sọ nílé iṣẹ́ rọ́bà kan ní Ìkòròdú lọ́dún 2002, tí ilẹ̀kùn wà ní títì mọ́ àwọn òṣìṣẹ́, iná ò béèrè ẹni tó ní ìwé.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kọ́ àwọn káṣúà yín ní bí a ti ń lo ẹ̀rọ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ní ti ìwé àdéhùn iṣẹ́, oṣù mẹ́ta láti ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni òfin iṣẹ́ fún yín láti fi fún wọn.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ yé dákẹ́ nítorí ẹ̀rù ọ̀gá. Bí ẹ bá fara pa, ẹ sọ fún un láàárín ọjọ́ 14, kó wà ní kíkọ, kí ẹ̀dà kan sì wà lọ́wọ́ yín. Ọjọ́ 7 ni òun náà ní láti fi tó NSITF létí. Bó bá kọ̀, ẹ mú ẹ̀dà yín lọ síbẹ̀ fúnra yín kí ọdún kan tó pé.